Rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi, Haúsá nìkan ló kù lẹ́nu wọn. Èdè Ìjùmú dà?

ỌmọÌyàrá

Okun o, gbogbo ilé. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ọpọlọ àti èdè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó yí mi ká ti sọ tiwọn, ohun tí wọ́n sọ ló sì lé mi wá síbí.

Ọ̀sẹ̀ keje rèé. Ìyá mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń yọ kóró kajú kúrò lára èso rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ látìgbà tí wọ́n ti padà sílé. Mo kàn rí i tí kajú bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Wọ́n tún nawọ́ mú un, ó tún bọ́. Nígbà tí wọ́n máa yíjú sí mi, ẹnu ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi òmùgọ̀ rò pé ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Alẹ́ ọjọ́ yẹn la gbé wọn dé Lọ́kọ́ja. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan kan ní apá òsì ọpọlọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kú.

Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, wọn ò sọ ju "hẹ̀n, hẹ̀n" lọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án wọ́n lanu, wọ́n ní: "Ruwa." Mo fò sókè, mo sáré bu omi wá. Àtìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde díẹ̀díẹ̀. "Kawo ruwa," ìyẹn ni pé ká gbé omi wá. "Ba na so," ìyẹn ni pé àwọn ò fẹ́. Ní báyìí wọ́n ti ń so ọ̀rọ̀ mẹ́rin, márùn-ún pọ̀, Haúsá sì ni gbogbo ẹ̀. Ti Ìjùmú, ẹyọ kan ò jáde.

Kẹ́ ẹ lè mọ ibi tọ́rọ̀ ti wá: Ìyàrá, nílẹ̀ Ìjùmú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí. Ọmọ ọdún 18 ni wọ́n nígbà tí bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ réluwéè, mú wọn lọ sí Zaria. Sabon Gari ni wọ́n ti ta ẹ̀wà àti gààrí fún ọdún 52. Ìgbà tí bàbá kú ni wọ́n tó padà wálé, ọdún kẹta rèé. Ẹni ọdún 73 ni wọ́n.

Èmi ni àkọ́bí, àwa mẹ́rin la wà, èmi nìkan ni mi ò gbọ́ Haúsá. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí tí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Ìyàrá kí ilé má baà ṣófo. Àwọn àbúrò mi tó wà ní Kàdúná ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sunkún, èmi á dúró tì wọ́n bí àlejò. Tí fóònù ò bá lọ, ọmọ mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke omi kiri àdúgbò wa ló ń bá mi túmọ̀. Ọmọ mẹ́ruwà ló mọ irú ọbẹ̀ tó ń wu ìyá mi jẹ.

Ohun tí kò yé mi rárá rèé: tí mo bá fi èdè wa bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọ́. Mo ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì, wọ́n á gbé e. Mo bi wọ́n bóyá àwọn ọmọ ti dé láti iléèwé, wọ́n á mi orí. Ìdáhùn ló ń di Haúsá. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wá kí wọn, wọ́n dá orin, ìyá mi sì gbà á lẹ́nu wọn, ẹsẹ mẹ́ta, Yorùbá pọ́ńbélé, ọ̀rọ̀ kan ò ṣì. Mo ti ń dúpẹ́ nínú. Mo ní, ìyá, kí lẹ fẹ́? "Ruwa."

Ibo ni èdè Ìjùmú lọ? Ṣé ó ti kú ni, àbí ó sá pamọ́? Ṣé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èdè kọ̀ọ̀kan ní nínú ọpọlọ, tí ẹ̀jẹ̀ dídì wá wó ọ̀kan? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní àǹjọ̀nnú ilẹ̀ Haúsá ló tẹ̀ lé wọn wálé. Ẹlòmíì ní kí n fòfin de Haúsá nínú ilé, pé tí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n dáadáa, èdè wa ni wọ́n máa fi tọrọ omi. Mo dán ìyẹn wò láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mi ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Adé_Mopa

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Àǹjọ̀nnú kọ́. Bàbá wa kan tó ṣe ọlọ́pàá ní Jọ́s bẹ́ẹ̀ náà rí, Haúsá ló fi ń pàṣẹ fún gbogbo wa látorí bẹ́ẹ̀dì, títí kan ọmọ ọmọ tó wá láti Èkó. Ẹ má gbàgbé pé Òkè Ọya ni wọ́n kà wá mọ́ láyé Kabba Province, àwọn àgbà wa tó lo ayé wọn lọ́hùn-ún ò lóǹkà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọṣẹ́ sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ni mí, Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́ọ̀dù àwọn tí rọpárọsẹ̀ ń bá jà, ọdún kọkànlá rèé. Mi ò rí ìyá, nítorí náà mi ò ní gba iṣẹ́ dókítà wọn ṣe. Àmọ́ ohun tí ẹ ròyìn yìí, àwọn oníṣègùn ti ń rí i tipẹ́tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí yàrá tí ẹ sọ bẹ̀rẹ̀. Ní 1861, Paul Broca, dókítà kan ní Paris, yẹ ọpọlọ ọkùnrin kan wò lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọkùnrin tí kò lè sọ ju "tan" lọ nígbà ayé rẹ̀. Ibi tó bàjẹ́ wà níwájú, lápá òsì. Látìgbà náà la ti mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń ṣètò ọ̀rọ̀ sísọ fún ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn. Carl Wernicke fi kún un ní 1874 pé apá ẹ̀yìn, lọ́nà etí, ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń yéni. Ìyá ń gbọ́ yín, wọn ò rí ọ̀rọ̀ fi dá yín lóhùn. Gbígbọ́ àti sísọ, iṣẹ́ ibi méjì ni.

Èdè méjì ńkọ́? Ní 1997, Joy Hirsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ MRI wo ọpọlọ èèyàn 12 tó gbọ́ èdè méjì. Àwọn tó gbọ́ méjèèjì láti kékeré, ojú kan náà ló ń ṣiṣẹ́ ní àgbègbè Broca. Àwọn tó ti bàlágà kí wọ́n tó kọ́ ìkejì, ojú méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ni. Ní àgbègbè Wernicke, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀. Èèyàn 12 kéré, àwọn tó tún ṣe irú ìwádìí yẹn lẹ́yìn náà sì rí i pé bí èèyàn ṣe mọ èdè sí àti bó ṣe ń lò ó sí náà ń kópa, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan. Kì í ṣe yàrá, ẹ̀gbọ́n mi. Oko kan náà ni, tí a gbin iṣu àti àgbàdo pọ̀ sí. Èèyàn ò lè fi okùn pín in.

Ẹ̀ẹ́ wá bi mí pé tó bá jẹ́ oko kan náà, kí ló dé tí ọ̀kan hù tí èkejì ò hù. Ọ̀rọ̀ yẹn ti fa àríyànjiyàn láàárín àwọn ará Faransé méjì. Théodule Ribot kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìrántí ní 1881 pé ohun tó pẹ́ jù lọ́dọ̀ wa ló ń gbẹ̀yìn sọnù. Ẹ fi ìyẹn wo ti èdè, èdè ìyá ló yẹ kó kọ́kọ́ padà. Albert Pitres ní 1895 ní ó tì o, èdè tí aláìsàn ń lò jù kó tó ṣubú ló sábà máa ń ṣáájú, ì báà jẹ́ ti ìyá, ì báà jẹ́ ti ọjà. Ẹ wo ìyá: ọdún 18 pẹ̀lú Ìjùmú, ọdún 52 tí wọ́n fi ń ná ẹ̀wà ní Haúsá. Ẹjọ́ Pitres gan-an ni. Síbẹ̀, kò sí èyí tó di òfin nínú méjèèjì. Michel Paradis ní Kánádà kó àkọsílẹ̀ irú àwọn aláìsàn báyìí jọ, èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn ni èdè wọn jọ ń padà bọ̀, lẹ́sẹ̀ kan náà. Irú ti ìyá, tí ọ̀kan ń sáré tí èkejì dúró, ló ṣọ̀wọ́n. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí èdè kan ń padà, bó bá ṣe ń padà ni èyí tó kọ́kọ́ dé á máa fà sẹ́yìn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà pé èdè tí kò jáde ò tíì kú. Ẹni tó gbọ́ èdè méjì, kò sígbà tí ọ̀kan sùn pátápátá nínú rẹ̀. Ní 1999, Viorica Marian àti Michael Spivey mú àwọn ọmọ Rọ́ṣíà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi èdè Rọ́ṣíà ní kí wọ́n gbé "marku", ìyẹn sítáǹbù tí à ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Nígbà míì, ojú wọn á kọ́kọ́ ṣáko lọ sórí "marker", bírò ńlá tó wà lórí tábìlì, torí Gẹ̀ẹ́sì ti jí gbọ́. Nítorí náà, kí ẹnu tó mú ọ̀kan, ọpọlọ ní láti pa èkejì lẹ́nu mọ́. Ibì kan wà nínú lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń pè ní caudate, tó ń bá wọn ṣe irú iṣẹ́ yẹn, bí ẹni ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá kan agbègbè yẹn, aṣọ́nà lè ṣí fún ọ̀kan kó ti ilẹ̀kùn mọ́ èkejì, tàbí kó fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n rọ́ jáde pa pọ̀. Ẹ bi dókítà pé níbo gan-an ni àwòrán orí fi hàn, òkè ọpọlọ ni àbí inú.

Ti orin, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Orin, kíka ení dé ẹẹ́wàá, Àdúrà Olúwa, ohun tó ti mọ́ ẹnu lára ni wọ́n, wọn kì í gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń hun fúnra rẹ̀, apá ọ̀tún ọpọlọ sì máa ń ran orin lọ́wọ́. Mo ti rí ẹni tí kò lè pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó kọ orin àárọ̀ iléèwé tán.

Àti ti òùngbẹ yẹn: ẹ má ṣe é mọ́ o. Kò sí ẹ̀rí pé Haúsá ń dí Ìjùmú lọ́wọ́. Ẹ fún wọn ní omi ní èdèkédè tí wọ́n bá fi tọrọ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá pe orúkọ omi lédè yín bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e fún wọn. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ara ń yára padà jù, ọ̀sẹ̀ keje ṣì wà nínú ẹ̀.

Tíṣà_Kàbà

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo kí nọ́ọ̀sì wa. Àmọ́ mo ní ìjà. Ìjùmú, Owé, Yàgbà, Bùnú, Òwórò, ṣebí Yorùbá ni gbogbo wọn? Orin tí ìyá kọ, Yorùbá ni. Ẹ̀ka èdè kan náà ni. Ṣé ọpọlọ mọ ààlà tó wà láàárín Ìjùmú àti Yorùbá inú Bíbélì ni? Ọdún 35 ni mo fi kọ́ ọmọ, iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa fi bírò pupa pa Owé rẹ́ nínú àròkọ wọn (mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ díẹ̀ nínú wọn). Tí mo bá mọ̀ pé èdè méjì ni mo ń kọ́ wọn, ǹ bá ti béèrè owó oṣù méjì.

Ti ọpọlọ tèmi náà ń ṣe mí ní kàyéfì. Tí mo bá ń ka iṣu lóko, Owé ni. Tí mo bá fẹ́ mọ iye tí méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ló ń fò jáde, torí Gẹ̀ẹ́sì àti pàṣán ni wọ́n fi kọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ìjọ́un. Èmi náà jẹ bírò pupa yẹn nílùú Ẹ̀gbẹ̀.

Ìyá kan wà ní Verona, ní Ítálì, tó jọ ìyá wa yìí tó fi ń bani lẹ́rù. Èdè àdúgbò Verona ló gbọ́ dàgbà, òun ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ìwé díẹ̀ ló kà, ibẹ̀ ló ti kọ́ Ítálì tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń sọ, ó sì lè pẹ́ gan-an kó tó là á lẹ́nu. Rọpárọsẹ̀ kọlu inú ọpọlọ rẹ̀ lápá òsì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Ítálì ìwé ló ń sọ. Èdè ilé rẹ̀ ò gba ẹnu rẹ̀ jáde dáadáa mọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ ò sì mọ ohun tó dé. Salvatore Aglioti àti Franco Fabbro ló tẹ ẹjọ́ rẹ̀ jáde ní 1993. Ẹ̀ka èdè kan náà ni wọ́n lójú àwa tá à ń wò ó níta. Bí a ṣe kọ́ ọ ni ọpọlọ ń wò.

Paradis ṣàlàyé rẹ̀ báyìí, mo sì rò pé ó tọ̀nà: èdè tí a mu mọ́ ọmú dà bí gígun kẹ̀kẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, ẹ ò lè ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é. Inú ọpọlọ lọ́hùn-ún ló ń darí irú ìmọ̀ yẹn. Èdè tí a fi àkíyèsí kọ́ lágbà, tí a ń há sórí bí iye owó ọjà, ibòmíì ló fi ara tì sí. Tó bá jẹ́ inú ló bàjẹ́, ẹni tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ ló máa ṣubú, ẹni tó há a sórí á ṣì rántí. Nítorí náà, Pitres nìkan kọ́ ló lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìyá. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ bi dókítà nípa àwòrán orí nìyẹn.

Adé_Mopa

Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi yanjú ọ̀kan. Ìyàwó mi ní ká má sọ Yàgbà sí ọmọ wa, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kó gbọ́ ná kí ọpọlọ rẹ̀ má baà dàrú.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Kì í dàrú. Ọmọ lè pa méjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan, ìyẹn ò ní kó dàrú. Ní Hyderabad, ní Íńdíà, Suvarna Alladi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àkọsílẹ̀ èèyàn 648 tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ti mú. Àwọn tó gbọ́ ju èdè kan lọ, ó fi ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ pẹ́ kó tó mú wọn, títí kan àwọn tí kò ka ìwé rárá. 2013 nìyẹn. Àwọn ìwádìí kan níbòmíràn ò rí irú èrè bẹ́ẹ̀, nítorí náà mi ò ní tà á fún yín bí àgbo. Ẹ sáà máa sọ Yàgbà yín.

Ìsánlú_Toronto

Ẹ kú ìnáwó ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìyàrá, Olúwa á gbé ìyá dìde.

Ohun kékeré kan ni mo ní. Ọdún 22 ni mo ti wà níbí, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ṣiṣẹ́, òun ni mo fi ń bá ìyàwó mi jà (ọmọ Jàmáíkà ni). Ìyàwó mi lè bú mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń gba etí kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìsánlú, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yàgbà pé "ìwọ ọmọ yìí", àyà mi á já, èmi tí irun mi ti funfun. Mo rò pé èmi nìkan ni, àfìgbà tí mo ka ti Catherine Harris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston, 2003. Wọ́n de nǹkan mọ́ ìka àwọn ará Tọ́kì tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti fi wọn bí àwọ̀ ara wọn ṣe ń làágùn. Ìbáwí tí òbí máa ń fún ọmọ, tí wọ́n bá gbọ́ ọ lédè Tọ́kì, àwọ̀ ara á dáhùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ fíìfíì.

Torí ẹ̀ ni mo fi fẹ́ bi yín, ẹ má bínú: ṣé inú ìyá dùn tí wọ́n bá ń sọ Haúsá yẹn? Àbí ó dà bíi pé wọ́n há?

ỌmọÌyàrá

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo kà á fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi láti òkè délẹ̀. Ó ní Verona náà lè ní àǹjọ̀nnú tirẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Mo bi dókítà. Ó gbé àwòrán sí ojú iná, ó fi bírò tọ́ka: inú ni, nísàlẹ̀, kì í ṣe òkè. Ó yà á lẹ́nu pé mo mọ ohun tí mo ń béèrè. Nọ́ọ̀sì, ẹ gba ọpẹ́ tèmi.

Ìsánlú_Toronto, ìbéèrè yín kò jẹ́ kí n sùn. Mo wo ojú wọn dáadáa láti ọjọ́ yẹn. Tí wọ́n bá ń bá ọmọ mẹ́ruwà sọ̀rọ̀, ara wọn ń balẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ òsì ṣàpèjúwe, wọ́n ń ná owó omi. Èmi ni wọ́n ń wò bí ẹni tó há. Wọ́n á wo ẹnu mi, wọ́n á fẹ́ sọ tèmi, kò ní wá, omi á bọ́ lójú wọn. Gbogbo ọjọ́ tí mo ń bínú sí Haúsá yẹn, mo rò pé èmi nìkan ni nǹkan sọnù lọ́wọ́ ẹ̀. Mo sì ń bínú sí i tipẹ́, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́: ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí tí wọ́n bá wá kí wa lọ́dún Kérésì, tí wọ́n á máa fi bá àwọn àbúrò mi sọ̀rọ̀ àṣírí lójú mi.

Nítorí náà mo ní kí ọmọ mẹ́ruwà máa kọ́ mi. Igba náírà fún ọ̀rọ̀ márùn-ún, oníṣòwò ni. Lọ́jọ́ kẹta, mo dín àkàrà, mo gbé e síwájú wọn, mo ní: "Kosai." Wọ́n mi orí. "Ƙosai," wọ́n fa "k" yẹn láti ọ̀nà ọ̀fun lọ́hùn-ún bí ẹni gbé egungun ẹja mì. Mo tún un sọ. "Ba haka ba," wọ́n ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín, ẹnu tó wọ́ yẹn ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n tún un pè fún mi. Mi ò rántí pé ìyá mi kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ kankan rí. Wọ́n á ti kọ́ mi kí n tó pé ọdún mẹ́ta, àmọ́ ta ló ń rántí ìyẹn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn báyìí: wọ́n á pè é ní tiwọn, èmi á pè é ní tiwa, mi ò ní béèrè pé kí wọ́n tún un sọ. Lánàá mo gbé àwo dé, wọ́n ní "ƙosai", mo ní "àkàrà". Ètè wọn ṣí. "À," wọ́n ní. "À..." Mo dúró. Ìyókù ò wá. Mo bu àkàrà kan, mo fẹ́ ooru kúrò lára ẹ̀, mo fi sí wọn lẹ́nu.